Fíìmù Tí Mo Sá Sóòrùn

Oòrùn Manchester kì í pẹ́ kó tó padà sílé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó yọ, ó sì jókòó. Ẹ fi í sọ́kàn, torí oòrùn yẹn wúlò fún mi.

Fọ́tò ni iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń ya ọmọ tuntun àti ìyàwó tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ìwọ́de bá wà fún ẹ̀tọ́ àwa tí a wá látòkèèrè, mo máa ń gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn, kí àwọn ọmọ tí a bí síbí má baà sọ pé a dákẹ́. Kámẹ́rà dígítà tí kì í lo fíìmù ti dé nígbà náà o, ṣùgbọ́n fíìmù lèmi ń lò. Obìnrin òyìnbó tó ń ṣáájú ìwọ́de ló máa ń rà á fún mi. Bí a bá ti ṣe tán, màá kó o lé e lọ́wọ́, òun ni yóò fọ̀ ọ́, tí yóò pín fọ́tò fún àwọn oníwèé ìròyìn.

Arábìnrin kan wà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí a jọ ń gbé ilé gogoro kan ní Pendleton. Ó sá fún ọkọ tó ń lù ú nílé. Ọkùnrin náà ti wọ London, ó ń wá a kiri, kò mọ ìlú tó wà. Immigration ò tíì dá arábìnrin yìí lóhùn lórí ìwé ìgbélùú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń bá wa wọ́de. Á fi ìborùn bojú, á tún gbé awò dúdú lé e.

“Daddy, ẹ̀yìn mi nìkan ni kẹ́ ẹ yà o.”

“Ẹ̀yìn ẹ ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ó tó ṣe álíbọ́ọ̀mù.”

Lọ́jọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá ṣàdédé tò yí wa ká láàárín ìlú. Kò sẹ́ni tó lè jáde. Wákàtí kan, méjì, mẹ́ta. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Àwọn kan kọrin títí ohùn fi há. Mo rọra ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò mọ̀ pé arábìnrin yìí ló wà níwájú mi. Ó yíjú, ó rí mi.

Orúnkún ọmọ tí a kọ́ nílé kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ lórí títì: “Ẹ káàsán sà!” Ìborùn yọ, awò já bọ́. Bàtà àwọn ọlọ́pàá tò sẹ́yìn rẹ̀ bí eyín. Ìka mi ti tẹ kámẹ́rà kí n tó mọ̀. Bó ṣe ṣe orúnkún rẹ̀ náà ló ṣe ìka mi.

Aṣíwájú wa rí gbogbo rẹ̀. “O yà á, love? Ó ń bẹ àwọn ọlọ́pàá lórí ìkúnlẹ̀! Gbogbo ìwé ìròyìn ló máa gbé e!”

“Èmi ló ń kí.”

“Kí ni?”

“Mo ní èmi ló ń kí. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló máa mọ̀?”

“Ó dáa, ẹ bá mi bo ojú rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́.”

“Ojú yẹn gan-an ni fọ́tò náà. Fíìmù wa ni, ṣó o rántí?”

Kò parọ́. Fíìmù wọn ni, a sì ti jọ ṣàdéhùn. Arábìnrin náà di apá aṣọ mi mú. “Daddy, ọkọ mi máa rí mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà.”

Ọlọ́pàá níwájú, ọlọ́pàá lẹ́yìn, èmi láàárín, pẹ̀lú fọ́tò tó dára jù tí mo yà láyé mi. Mo fẹ́ fọ́tò yẹn, mi ò ní purọ́. Mo rò ó títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ká jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí aṣíwájú wa sì na ọwọ́ sí mi.

Mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Mo fa fíìmù náà jáde, mo nà án sóòrùn bí ẹni ń sá aṣọ. Oòrùn pa gbogbo ohun tí mo yà sínú rẹ̀ látàárọ̀ rẹ́.

Aṣíwájú wa ò bú mi. Kò ra fíìmù fún mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó kàn wá láti jáde, arábìnrin yìí kọjú sí mi, mo rí i tí orúnkún rẹ̀ tún ń tẹ̀. Mo sáré gbá a lápá mú.

“Dìde jàre! O ò rí i pé àwọn míì ṣì gbé kámẹ́rà dání níbí?”