Àdúrà fún Aláwàdà

Ará Ítálì kan ló ń gbé òkè ilé wa ní Peckham, nílùú Ọba. Ó máa ń fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́ lórí tẹlifíṣàn nílùú wọn, títí ìjọba fi ní kí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi aláṣejù ni mo pè é wá síbi ìpàdé àwọn àgbà mọ́sálásí wa, kó wá pa wá lẹ́rìn-ín.

Ó sọ bí wọ́n ṣe lé e, ó sín mínísítà jẹ, ó wá dúró de ẹ̀rín.

"Éèyà! Sọ́rì o," ni àwọn àgbà ń wí. Alága ní ká tẹ́wọ́, ó sì bá a tọrọ iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú ń bí mi, mo sì ń ṣàmín.

Mo ní kó máa bá eré lọ. Ó mirí, ó jókòó. Ìjọba lé e, kò dákẹ́. Àmín wa ló pa á lẹ́nu mọ́.