Ọ̀sán Kérésìmesì Nínú Mọ́tò

Bí mo bá ṣílẹ̀kùn mọ́tò tí oòrùn ti yan, òórùn àga gbígbóná yẹn máa ń mú mi rántí ọ̀sán Kérésìmesì kan ní Oǹdó.

Àkúrẹ́ la ti wá sílé ìyá bàbá mi. Ilé kún fún àlejò. Wọ́n ní kí n lọ wá Mọ́mì. Inú mọ́tò ni mo ti bá a, ó fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Mọ́mì, wọ́n ní ẹ wá gúnyán."

"Wọlé, ọmọ mi. Jẹ́ ká jókòó díẹ̀."

Ojú rẹ̀ tutù. Mo rò pé òógùn ni.

Mo ti di abiyamọ kí n tó gbọ́ pé oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó wa dà o?" ni ìyá bàbá mi ké láti ẹ̀yìnkùlé.

"Mò ń bọ̀, mà!"

Ó nujú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ gbé ọmọ odó.