Eleno Ní Òun Ò Kà Á

Ní gbogbo etíkun ìlú Estancia, kò sẹ́ni tí ẹja rẹ̀ ń gbẹ bíi ti Consorcia, tí wọ́n ń pè ní Manang, ìyẹn ẹ̀gbọ́n lóbìnrin. Bó bá sá a láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹ lè fi kan ìṣó mọ́ pákó. Orí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀, Eleno, ló ń sá a sí, àfìgbà tí olówó ìlú kan, Don Apolonio, fi wáyà ṣọgbà yí i ká, tó ní tòun ni.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò pẹjọ́. Lọ́yà wọn, Magbanua, kìlọ̀ fún wọn pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ka ìwé ẹjọ́ náà fúnra wọn, kí wọ́n sì búra níwájú nótárì, òṣìṣẹ́ tó ń fòǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìbúra, pé òótọ́ ló wà níbẹ̀. Bí ìbúra ẹnì kan bá yẹ̀, bí ẹni tí kò mú ìwé wá ni àwọn méjèèjì, ilẹ̀ ọ̀hún á sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Eleno ló kà á sókè níwájú nótárì. Nígbà tó débi ikú ìyá wọn, ẹkún tó sun pọ̀ débi pé nótárì gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ sá fún omijé.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, lọ́yà Don Apolonio na ìwé náà sí Eleno.

"Ṣé ìwọ lo buwọ́ lù ú?"

"Èmi ni, sà."

"O kà á kó o tó búra?"

Eleno wolẹ̀. "Rárá o. Manang ní ìwé tí a fi ń gba ìrànwọ́ ìjì ni. Mo kàn buwọ́ lù ú ni."

"Èmi kẹ̀? Eleno!" ni Consorcia kígbe.

"Ìyá, ẹ dákẹ́," ni adájọ́ wí.

Obìnrin kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn: "Ẹ ò rí ẹ́ńjìnnì tuntun ìdí ọkọ̀ ojú omi Eleno ni? Don ló rà á fún un."

Consorcia gan-an ló pa adìẹ láti bá a yọ̀ sí ẹ́ńjìnnì ọ̀hún.

Magbanua sọ̀rọ̀ sí i létí. "Nótárì wà níta. Bó bá sọ ohun tó ṣojú rẹ̀, ilẹ̀ yín ò lọ. Àmọ́ Eleno lè ṣẹ̀wọ̀n ìbúra èké. Ká pè é?"

Eleno ti rí wọn. "Manang, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ ìyá yín ni mí."

"Nígbà tí ò ń pè mí ní òpùrọ́ níwájú adájọ́, ọmọ ìyá ta ni mí?"

Ó yíjú sí lọ́yà.

"Ẹ pè é wọlé."