Mo Yege Ìdánwò Ìwakọ̀ Kí N Tó Sọ̀kalẹ̀

Ọkùnrin tó dán mi wò lónìí fọkàn balẹ̀ jókòó tì mí títí mo fi sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì mi láti kékeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ mọ́tò ọtọmátíìkì, torí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo nílò.

Mo ti jókòó sídìí ìwakọ̀ kí ọkùnrin náà tó wọlé. Mo wà á láti Ìwó lọ sọ́nà Kuta, mo sì wà á padà. Fóònù ni ọkùnrin náà ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tá a dúró, ó ní:

"Màdáámú, ẹ mọ mọ́tò wà o."

Mo ṣílẹ̀kùn, mo mú ọ̀pá mi sọ̀kalẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe wà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi wà á."

"Mi ò lè fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá lọ pa èèyàn ńkọ́?"

Ó kọ ọ́ síwèé pé mi ò yege.

Ilé ìwé kan ní Ilé-Ogbó ti gbà mí pé kí n máa gbé àwọn ọmọ wọn. Ìwé ìwakọ̀ nìkan ló kù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n tán ni. Wọ́n ní àwọn á wá ẹlòmíì.

Ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i? Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún mi, òótọ́ ni mo fẹ́.