Bàbá Ọ̀fẹ́ Kọ Ẹ̀yìn sí Pápá

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Bàbá Ọ̀fẹ́, orúkọ náà kò sì bí i nínú. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún àga ṣe, níbi tí òórùn gọ́ọ̀mù àti eruku fóòmù ti máa ń bá èèyàn délé, òun ni gbogbo wọn ń bi léèrè bí wọ́n bá fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù tí àpò wọn ò sì gbé e. Ó mọ gbogbo ọ̀nà. Ó mọ̀ pé bí èèyàn mẹ́wàá bá para pọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dín in kù fún wọn. Ó mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì àárín ọ̀sẹ̀ kì í tó ìdajì ti Sátidé, pàápàá bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti sinmi tán láàárín eré, ìdajì owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà kẹta. Bó bá sì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí àwọn tó fẹ́ tètè lọ lè ríbi jáde. Ẹni tó bá ti dúró síta nígbà náà kàn máa rìn wọlé ni.

"Ìwọ yìí," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gé aṣọ àga máa ń wí, "bó o bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, wàá bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ò sanwó."

"Bí wọn ò bá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn, n ò wọlé. Mo máa padà sílé."

Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ìlú náà nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún. Abẹ́rẹ́ làwọn èrò ń pè é, torí pé ó rí tín-ín-rín, ó sì máa ń gba àárín èèyàn méjì kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú aṣọ kọjá. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ọgbọ́n Bàbá Ọ̀fẹ́ kò ti tó mọ́. Orí ìjókòó àwọn arọ́pò ni ọmọ náà ti ń dúró de ẹni tó máa rọ́pò. Nígbà mìíràn wọ́n á mú un wọlé kí wọ́n tó sinmi rárá, nígbà mìíràn ó máa ku ìṣẹ́jú ogún, nígbà mìíràn wọn ò ní mú un wọlé títí eré á fi parí. Ẹni tó bá wá ní ìdajì eré lè pàdánù rẹ̀. Ẹni tó sì fẹ́ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, gbọ́dọ̀ ní owó tí iṣẹ́ àga kì í mú wá.

Ìdí nìyẹn tó fi lọ gba ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Àwọn tó ń wọ ẹ̀wù yìí ló ń mójú tó èrò lọ́jọ́ eré. Wọn kì í gba owó. Ìgò omi kan àti àǹfààní àtiwọlé ni èrè wọn. Bàbá Ọ̀fẹ́ rò pé òun ti rí ohun tí kò sẹ́ni tó rí rí, àfi ìgbà tí wọ́n ka òfin ibẹ̀ fún un: ẹni tó bá wọ ẹ̀wù náà á dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ìjókòó, á kọjú sí èrò, á kọ ẹ̀yìn sí pápá, láti ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá yíjú wo eré lẹ́ẹ̀kan, ìkìlọ̀ ni. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, kó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ kó máa lọ. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́ nígbà tó sọ ọ́ fún mi. Mo lọ dúró ti ògiri ní Sátidé kan, mo ń wo ọ̀kan nínú wọn, aago lọ́wọ́ mi. Nínú àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yí ọrùn, bọ́ọ̀lù ló sì bà á lẹ́yìn.

Báyìí ni Bàbá Ọ̀fẹ́ ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lójú èèyàn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ wọn ló sọ di iṣẹ́. Bí orí gbogbo èrò bá rọ́ sápá ọ̀tún, apá ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí wọ́n bá gbá itan wọn pàà, ó ti yẹ̀. Bí wọ́n bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹnu wọn sì là láìdún, ẹnì kan ti dá wà níwájú aṣọ́lé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn pápá náà tún ń ràn án lọ́wọ́. Ó ń dárúkọ ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, àti ẹni tó gbá góòlù wọlé fún ẹgbẹ́ ilé. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ àlejò ló jẹ góòlù, ẹ̀rọ náà á dákẹ́ bí ẹni tó gbé òkúta mì. Àṣà pápá náà nìyẹn.

Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ wọ pápá, ilé ìdáná ló ti bá bàbá rẹ̀. Kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ rí mi?"

Ó sọ fún mi pé òótọ́ lòun fẹ́ sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Mo rí ọ. O gba àárín àwọn méjì kọjá, gbogbo èèyàn dìde!"

Lóòótọ́ ni wọ́n dìde. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú ló sọ ìyókù fún un. Látọjọ́ náà, bí eré bá ti parí, á jókòó ti ọmọ rẹ̀, á máa to eré náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á nímọ̀ràn. "Ẹsẹ̀ òsì rẹ wúwo lónìí," ló wí lọ́jọ́ kan, torí ó ń wá nǹkan tí òun máa sọ. Abẹ́rẹ́ mi orí, kò jiyàn.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń lọ aṣọ nílé ìwòsàn, tí kì í sì í ráyè lọ́jọ́ Sátidé, gbójú sókè. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọjú sí èrò, ojú wo lẹ fi rí ẹsẹ̀ òsì?"

"Ojú bàbá."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bá a lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni eré ẹgbẹ́ òdìkejì odò dé, eré tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó ku dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí Abẹ́rẹ́ máa ń rọ́pò ti fi orúnkún ṣèṣe. Wọ́n ní kí Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n ń fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì kan fún ẹbí rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú un wálé, ó sì fi í sọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà. Ẹ jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ sinmi ẹsẹ̀."

Ìlà karùn-ún ni, láàárín gbùngbùn. Bàbá Ọ̀fẹ́ yí bébà náà síwá sẹ́yìn. Ohun tó fi ọdún mẹ́ta wá rèé, lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Àmọ́ ẹni tí kò bá wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ eré ńlá, wọn kì í pè é mọ́. Ìdí tó kọ́kọ́ sọ fún mi nìyẹn. Mo bi í bóyá ìyẹn nìkan ni. Ó ní báwo lòun ṣe máa ṣàlàyé pé òun ń wá ìjókòó, nígbà tí òun ti ń sọ pé òun ń rí gbogbo rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta?

"Fún ìyá rẹ," ló wí. "Kò lọ rí. Èmi ti wà nísàlẹ̀, mo tilẹ̀ sún mọ́ ọ jù ú lọ."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ìyá Abẹ́rẹ́ bẹ ẹnì kan pé kó bá òun ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà. Ní Sátidé, Bàbá Ọ̀fẹ́ tọ ọ̀gá àwọn ẹlẹ́wù ọsàn lọ, ẹni tó ti ṣe sójà rí, tí gbogbo wọn ń pè ní Ṣájẹ́ǹtì.

"Ẹ jọ̀ọ́, abala kẹrin ni kẹ́ ẹ fi mí sí lónìí."

"Kí ló wà ní abala kẹrin?"

"Ìyàwó mi."

"Ha! Ṣé ẹ̀ ń wá tage lẹ́nu iṣẹ́ ni, Bàbá?" Ṣájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ máa lọ. Àmọ́ mo máa wà nítòsí o."

Ète rẹ̀ kò le. Ojú ìyàwó rẹ̀ kì í fi nǹkan pamọ́. Lójú rẹ̀ ni òun á ti wo ọmọ òun. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan Abẹ́rẹ́, obìnrin náà á fún báàgì tó wà lórí itan rẹ̀ mọ́ra. Bàbá Ọ̀fẹ́ ka ìgbà mẹ́rìnlá kí wọ́n tó sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan ó fò dìde, ó pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀, báàgì sì já bọ́ sórí ọkùnrin tó wà níwájú. Ẹgbẹ́ ilé jẹ góòlù kan. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn dárúkọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́rin tí gbogbo pápá dákẹ́. Láti òpin ọ̀hún, níbi tí àwọn àlejò jókòó sí, ariwo ayọ̀ bẹ́. Níwájú Bàbá Ọ̀fẹ́, gbogbo èèyàn káwọ́ lérí. Ìyàwó rẹ̀ tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ojú.

Wọ́n ti jẹ góòlù kan padà. Ohun tó kà níbẹ̀ nìyẹn, kò sì ṣì í kà. Ó rò ó pé, ẹni tí kò wá wo eré rí, góòlù kan péré ti mú un sunkún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i kó lè fi í lọ́kàn balẹ̀. Obìnrin náà ṣí ojú, ó rí ẹ̀rín náà, ó mi orí kíkankíkan, ó sì nàka sí pápá. Ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan. Ariwo kò jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó tún nàka.

Ṣájẹ́ǹtì wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i. Ìkìlọ̀ kan péré ni ì bá gbà, kò sì gba ọ̀kan rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi yíjú.

"Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Èyí ni mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ohun tó sọ fún mi.

Ọ̀mì ni wọ́n ta, góòlù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹlẹ́wù ọsàn kì í kúrò títí ìjókòó á fi ṣófo, nítorí náà ìyàwó rẹ̀ ti bá èrò gba òkè jáde lọ sí ibùdókọ̀. Òun gba ẹ̀gbẹ́ yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ. Abẹ́rẹ́ jáde, irun rẹ̀ tutù, báàgì wà léjìká rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Má da ara rẹ láàmú," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "O gbá a dáadáa. Góòlù tí wọ́n jẹ yẹn, aṣọ́lé ló yẹ kó mú un."

Abẹ́rẹ́ dúró. "Ta ló jẹ ẹ́, Bàbá?"

"Èyí gíga yẹn. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn."

Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun fi sọ bẹ́ẹ̀, àfi pé kò sí ẹgbẹ́ tí kì í ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án.

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi ni."

"Ìwọ kí ni?"

"Èmi ni mo fi orí kàn án sínú ilé wa. Mo fẹ́ gbá a síta ni, ó sì bọ́ sínú àwọ̀n. Gbogbo ẹni tó wà nínú pápá ló rí i, Bàbá. Màmá mi rí i."

Bàbá Ọ̀fẹ́ na ọwọ́ láti bá a gbé báàgì náà.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Àwọn méjì tí mo gba àárín wọn kọjá?"

"Wọ́n dìde," ló wí. "Gbogbo wọn dìde. Mo rí wọn."

"Ẹsẹ̀ òsì mi ńkọ́? Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń jí ní ìdájí torí ẹsẹ̀ òsì yìí!"

Ẹnì kan ké láti ọ̀nà jíjìn pé ọkọ̀ ẹgbẹ́ ti fẹ́ gbéra. Abẹ́rẹ́ gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ̀ bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn," ló wí, ó sì lọ.

Ní ibùdókọ̀, ìyàwó rẹ̀ kò tíì so gèlè rẹ̀ padà. "Mo nàka sí i fún yín."

"Mo rí ìka rẹ."

"Ìka lẹ rí."

Wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọkùnrin yìí wà níbẹ̀, ìròyìn ló sì gbé bọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fọ ẹ̀wù ọsàn náà, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbé e lọ fún Ṣájẹ́ǹtì. Ìyẹn bi í bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá. Abẹ́rẹ́ ti padà sórí ìjókòó àwọn arọ́pò. Ó ń kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un. Kì í bi í mọ́ pé ṣé ẹ rí mi.

Ọ̀nà kan ṣì kù tí Bàbá Ọ̀fẹ́ mọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó bá kẹ́yìn oṣù, wọ́n máa ń ṣí pápá ìgbaradì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti lọ rí, ó ní kì í ṣe eré gidi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tọrọ ààyè ìdajì ọjọ́ níbi iṣẹ́, mo sì tẹ̀ lé e. Àwa márùn-ún la wà lórí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì náà. Ó jókòó ní ìlà àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Gbogbo pápá wà níwájú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gba bọ́ọ̀lù. Ó dojú kọ àwọn méjì. Bí ó ti fẹ́ gba àárín wọn ni ọrùn bàbá rẹ̀ yí sẹ́yìn: ojú àwa tó kù ló ń wò, bó ti mọ́ ọn lára.

Kó tó kọjú padà, ó ti parí. Bọ́ọ̀lù ti lọ. Abẹ́rẹ́ dúró láàárín pápá, ọwọ́ níbàdí, ó ń wo bàbá rẹ̀.

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ara sí i. "Ẹ ò rí i? Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀…"

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá Ọ̀fẹ́ wí, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi."