Ọkùnrin Tí Nadine Kò Yàn

Nadine Hruska kì í fi ìríra pamọ́. Bí nǹkan bá rí i lára, á kọ́kọ́ yínmú, kí ẹnu rẹ̀ tó wá tú u jáde. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan nílùú Erie ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ṣa aṣọ ibùsùn tó dọ̀tí sọ́tọ̀, èmi ń ká èyí tó bá ti gbẹ. Ohun tí ọwọ́ obìnrin yìí ti kàn nínú àwọn aṣọ yẹn, ẹlòmíì á rí i, kò ní lè jẹun mọ́. Kò ṣe Nadine ní nǹkan kan. Àwọn tó ń rí i lára ni àwọn tó ń sá kúrò nínú ìdánrawò.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwa mẹ́wàá kan la jọ máa ń ṣe eré bésíbọ́ọ̀lù orí fóònù lọ́dọọdún. Kí ìdíje àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi tó bẹ̀rẹ̀, kálukú wa á ṣa ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú wọn, ẹnì kan á mú ọ̀kan, ẹni tó tẹ̀ lé e á mú òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi kárí. Ẹni tí èèyàn bá ti mú, ẹlòmíì kò lè mú un mọ́. Bí wọ́n bá ṣe gbá a sí lórí pápá ni nọ́ńbà tiwa náà ṣe máa pọ̀ sí. Nítorí náà, nígbà tí yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé, Nadine á ti wọ inú fóònù lọ bá àwọn àjèjì. Wọn á jọ yan ẹgbẹ́ bí ẹni pé òótọ́ ni, wọn á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdánrawò nìyẹn. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ irú ẹni tó máa ṣẹ́ kù nílẹ̀ nígbà tó bá kàn án.

"Ẹ wò ó!" Nadine á pariwo níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán. "Ọ̀lẹ yìí tún ti sá lọ! Kò tíì yan ẹni mẹ́ta, ó ti ní kí ẹ̀rọ máa bá òun yàn. Ṣé bó ṣe ń ṣe fún ìyàwó ẹ̀ nílé náà nìyẹn?"

Àwa á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rín náà kò pẹ́. Agbábọ́ọ̀lù kan wà tó ń jẹ́ Cade Lomax. Ọwọ́ rẹ̀ le. Bọ́ọ̀lù tó bá gbá, ẹ̀yìn ògiri pápá ni wọ́n ti máa ń wá a. Nígbà òtútù ó lu obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Gbogbo wa la rí àwòrán ojú obìnrin náà. Àwọn aláṣẹ bésíbọ́ọ̀lù lé ọkùnrin náà sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní kó padà wá tó bá yá. Torí pé kò ní sí níbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn kì í tètè yàn án, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣẹ́ kù nínú ìdánrawò gbogbo títí á fi kan Nadine. Àwọn tó mọ eré náà ń sọ pé òmùgọ̀ nìkan ló máa fò ó.

Nadine ń fò ó. Ẹni tó tẹ̀ lé e á sì gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọn á wá máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Lọ́jọ́ kan ó na fóònù sí mi. Ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: "Ara ọkùnrin yìí á ti yá gágá. Ilé ló ti ń ṣe ìdánrawò tiẹ̀." Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín lé e lórí.

"Irú èébì wo nìyí?" ni Nadine wí. Ó ti fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ti àwo ọbẹ̀ tó ti kan. Kò parí oúnjẹ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Rusk, ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́, ló fọ́ eegun àgbọ̀n rẹ̀. Títí dòní, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ló fi ń jẹun. Wendell, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló wa ọkọ̀ lọ sílé ọkùnrin yẹn, tó gbé e jáde tòun ti aṣọ àwọ̀sùn lọ́rùn. Wendell yìí wà nínú àwa mẹ́wàá, òun ló sì máa tẹ̀ lé Nadine nígbà tí a bá ń yàn.

Nadine lọ bá a níbi tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Èmi ni mo gbé e lọ.

"Wendell, mi ò ní mú Lomax. Mo bẹ̀ ẹ́, ìwọ náà má mú un."

Wendell ń nu ọwọ́ rẹ̀ nínú àkísà. "Lomax kẹ̀? Ta ló fẹ́ ìyẹn? Má yọ ara ẹ lẹ́nu."

"O gbọ́ o."

"Mo ti gbọ́. Àbí kí n búra ni?"

Nígbà tí ọjọ́ tí a máa yan ẹgbẹ́ gidi pé, gbogbo wa kóra jọ sínú gáréèjì Wendell, a wọ kóòtù torí òtútù. Apá adìẹ wà nílẹ̀, búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi ẹran pẹpẹróní há nínú wà nílẹ̀, bíà kò lóǹkà. Ó kan Nadine. Ó dárúkọ ọmọkùnrin kan tó ń sáré bí ehoro. Wendell kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Lomax," ló wí. "Cade Lomax ni tèmi."

Ẹnì kan súfèé. Orville, tó jókòó tì í, gbá a lẹ́yìn. "Olè ni ẹ́! Olè ojúmọmọ!"

Wendell ń rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú àbúrò rẹ̀.

"Háà, Nadine, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó wà nílẹ̀! Ṣé kí n fi í sílẹ̀ fún Orville kó máa fi nà mí títí ọdún á fi parí ni? Nọ́ńbà lásán ni. Mi ò ní kó wá jẹun nílé mi."

"Wendell, ta ló gbé mi kúrò nílé Rusk?"

"Kí lèyẹn wá kan—"

"Mo ní ta ni?"

"Èmi ni."

"Báwo lojú mi ṣe rí?"

Wendell ń fi èékánná ha ara ìgò bíà rẹ̀. "Ìyẹn yàtọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Kí ló fi yàtọ̀? Ṣé torí Rusk ò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni?"

Ẹnì kan ń nu ọbẹ̀ kúrò níka rẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Nígbà tó yá, Orville wúkọ́, ó ní òun ló kàn, eré sì ń lọ.

Mo rò pé Nadine máa dìde. Kò dìde. Ó yan gbogbo èèyàn rẹ̀ pé, ó sì yàn wọ́n dáadáa, àmọ́ kò fẹnu kan oúnjẹ kankan níbẹ̀. Nígbà tí Wendell di apá adìẹ sínú ọ̀rá fún un pé kó mú lọ sílé, ó ní, "Gbé nǹkan yìí kúrò lójú mi."

Nínú ọkọ̀, ojú ọ̀nà ló ń wò. "Àwọn àjèjì yẹn, mi ò mọ̀ wọ́n. Mo lè tutọ́, kí n sì pa fóònù. Èyí ńkọ́? Ọmọ ìyá mi ni."

Lomax padà lóṣù Karùn-ún, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ Nadine ló ṣáájú tẹ́lẹ̀. Wendell lé e bá, ó kọjá rẹ̀. Lóṣù Kẹjọ, ìyá wọn ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n ní kí n wá. Abẹ́ igi lẹ́yìn ilé ni Wendell jókòó sí, ó tẹjú mọ́ fóònù. Lójijì ó fò dìde, ó hó yèè, bíà dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó yíjú, ó rí Nadine tó gbé àwo dání. Kíá ló da ojú fóònù dé mọ́ itan.

"Òun ni?" ni Nadine bi í.

"Eré lásán ni, Nadine."

"Má dà á dé. Gbé e sókè, kí Mọ́mì náà bá ẹ yọ̀. Sọ orúkọ ẹni tó gbá a fún wọn."

Etí Wendell pọ́n. Ó ti fóònù bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àga tí ẹnikẹ́ni kò ní kó tò.

Wendell ló gba ife ẹ̀yẹ ọdún náà. Àárín àwọn agolo ọ́ìlì ló gbé e sí nínú gáréèjì. Nadine kì í gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́. Bàbá kan tó ń fiṣẹ́ falẹ̀ lódìkejì ìlú ló ń bá a tún un ṣe.

Nígbà tí yìnyín tún bẹ̀rẹ̀, mo bi í bóyá ó ṣì máa ṣe ìdánrawò. Ó ní òun ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti kó àwọn obìnrin ibi ìfọṣọ jọ, wọ́n dá eré orí fóònù tiwọn sílẹ̀, orúkọ mi sì wà níbẹ̀ kó tó sọ fún mi.

"Wendell bi mí bóyá àyè wà," ló wí. "Mo ní kò sí."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó. Àyè mẹ́ta ló ṣì ṣófo.