Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Agolo

"Àǹtí, níbo ni ìwé orúkọ tèmi wà?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń bi. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá eyín ni. Bí ènìyàn bá fún un ní nǹkan, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ẹnu dúpẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tú agolo bisikíìtì ńlá kan, ó sì ń to àwọn ìwé pélébé inú rẹ̀ lọ́dún-lọ́dún. Ó rí ti ọmọ onígbàjámọ̀. Ó rí ti àwọn ọmọ olùkọ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá tirẹ̀ títí, kò rí i.

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní kó palẹ̀ ìwé mọ́, kó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ọmọ náà palẹ̀ mọ́. Kò béèrè mọ́.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí. Kò bímọ. Ẹni tó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe ọmọ fún un kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ń gún un. Orúkọ ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há sáàárín ti onígbàjámọ̀ àti ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe, yàrá tóóró kan tí ẹni méjì kò lè kọjá ara wọn nínú rẹ̀ kí ọ̀kan má fara kan ògiri. Bí ọmọ tuntun bá dé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé aṣọ ìbora rẹ̀ lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tín-ín-rín, á na aṣọ mọ́ férémù roboto, á sì máa fi òwú aláwọ̀ rán orúkọ ọmọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lára ògiri rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ORÚKỌ TÍ KÒ SÍ LÓRÍ ÌWÉ, A KÌ Í RÁN AN. Ojú rẹ̀ rí nǹkan kó tó kọ ọ́. Ìyá ọkọ kan ló fi ẹnu lásán sọ orúkọ fún un nígbà kan, orúkọ àtijọ́ tó kún ẹnu. Ó rán an tán ni ìyàwó dé, ó ní orúkọ ìgbàlódé ni àwọn fẹ́. Ó tú u, ó rán tìyàwó. Ọkọ tún dé, ó ní ti ìyá òun ni. Aṣọ náà ti di ajere kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fẹnu kò. Láti ọjọ́ náà, bàbá tàbí ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sórí ìwé pélébé, ìwé náà á sì wọ inú agolo.

Ẹ̀yìn orúkọ àtijọ́ ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wà, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó ní àwọn yẹn gùn lóòótọ́, wọ́n ń jẹ òwú, àmọ́ ọwọ́ òun mọ̀ wọ́n. Bí ẹnì kan bá mú orúkọ tí a kò gbọ́ rí wá, á gbé ìwé náà jìnnà sójú, á bi í bóyá ọmọ ni wọ́n bí àbí oògùn ikọ́. Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó ṣáà rán an.

Kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin yìí, orúkọ kan wà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ kò tíì rán rí, ìyẹn orúkọ ìyá tó bí i. Ìyá náà kú nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, pé ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí àwọn bá bí ni yóò jẹ́ orúkọ ìyá òun. Ọkọ ní kò burú. Ọdún kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́jọ, ọmọ kò dé. Nínú ẹbí wọn, orúkọ kan kì í wọ ọmọ méjì lọ́rùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú un ló ni ín, nítorí wọ́n ní bí a bá pe ẹnì kan, ẹni méjì kò gbọdọ̀ jẹ́.

Ọdún kẹjọ yìí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin lóyún, ẹni tí kò tíì lo ọdún kan nílé ọkọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ bá a yọ̀. Ó bá a ra ọṣẹ, ó bá a ra ike tí wọ́n á fi wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí àbúrò bá fọwọ́ lé ikùn, ó ń ṣe ẹ̀gbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá rí aṣọ tirẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn lóde, tí kò sì lè sọ pé kó bọ́ ọ.

Nígbà tí ìkúnlẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ orúkọ ní pálọ̀ àbúrò. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tí wọ́n ń pè ní bàbá àgbà wà níbẹ̀, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìpàdé. Ó ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ ìyá wọn ló tọ́ sí i. Ọkọ àbúrò, oníbúrẹ́dì tí kì í jiyàn, rọra sọ pé òun rí orúkọ kan nínú ìwé ìtàn tí òun kà. Lẹ́tà márùn-ún péré ni. Bàbá àgbà bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"Kò ní ìtumọ̀, sà. Ó kàn wù mí. Ọmọ náà ló máa fún un ní ìtumọ̀."

"Ọmọ tí kò tíì léyín lẹ fẹ́ gbéṣẹ́ fún?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, oníbúrẹ́dì pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí Ìyá Abẹ́rẹ́ kó fi ẹ̀fẹ̀ oògùn ikọ́ rẹ̀ parí ẹjọ́. Ó tẹjú mọ́ ife omi ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ni ọmọ sọ ọ́ ní ohun tó wù wọ́n, pé ayé ti yí.

Bàbá àgbà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Omi lé lójú àbúrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun o. Mi ò rò pé ẹ lè gbà á láéláé." Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì kọjá ètè.

Obìnrin ni ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò pè é lórí fóònù. Ó ní iwájú orí ìyá wọn ni ọmọ náà gbé wá, bí ẹni gé e. Ó ní àwọn ti ń yí ọkàn padà. Ó jọ pé orúkọ ìyá wọn ni àwọn á padà mú. Bàbá àgbà ń bọ̀ lọ́la, àwọn á jọ parí rẹ̀, ọkọ òun á sì mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Gbogbo ohun tí àbúrò yìí fẹ́ ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́, ọkọ, oyún, ọmọ, ó tún wá kan èyí. Ó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, ó mú aṣọ ìbora funfun tó dára jù lórí pẹpẹ, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ lábẹ́ òfin ara rẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún kì í pẹ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí bàbá àgbà tó wọlé, ó ti tẹ́ aṣọ náà bo ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò wo orúkọ náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò tíì..." Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n bá lè borí ìkórìíra tí wọ́n ní sí orúkọ tuntun, kí wọ́n sì ṣe irú iṣẹ́ yìí, ta ni àwọn tí àwọn á ní kí wọ́n tú u? Nígbà tí bàbá àgbà dé, ó ka aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ìyàwó àbúrò wọn ọkùnrin tó ń gbé ìlú mìíràn bí obìnrin. Wọ́n fi aṣọ ìbora ránṣẹ́, wọ́n ká ìwé pélébé sínú rẹ̀. Orúkọ ìyá wọn ló wà níbẹ̀, gbogbo lẹ́tà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ní ọwọ́ ìkọ̀wé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yìí. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Kò sì rí ohun tó lè fi kọ̀ ọ́, ìwé pé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rán iṣẹ́ wákàtí méjì, ó ń jowú ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn dúró.

Kò bímọ títí. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tó béèrè ìwé orúkọ yẹn, ló wá ń yà sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ bí ilé-ìwé bá parí. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ṣe ń fi orúkọ lẹ́tà márùn-ún rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ojú ọ̀nà, àti bí ọmọ náà ṣe ń rìn lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ọmọ náà bá sì dìde ní ìrọ̀lẹ́ tó ní òun ń lọ bá màmá òun, Ìyá Abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù.

Ọmọ náà di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ó dé kíláàsì àṣekágbá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú fọ́ọ̀mù ìdánwò wọlé. Ó ní olùkọ́ sọ pé orúkọ tí àwọn bá kọ síbẹ̀ ló máa wà lórí ìwé ẹ̀rí títí ayé, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀ kó yáa ṣe é báyìí. Bàbá àgbà ti ní kó wá orúkọ gidi tó nítumọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ tó gùn jù tí Ìyá Abẹ́rẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Mo ti fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Àǹtí. Àmọ́ Màámi sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ràn mí lọ́wọ́ tí mo fi jẹ́ ẹ, pé ìfẹ́ ló jẹ́ kẹ́ ẹ rán an. Torí tiyín ni mi ò ṣe ní pààrọ̀ ẹ̀ mọ́."

Ó ti ṣí ìdérí bírò. Ìyá Abẹ́rẹ́ na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọmọ yìí á máa yà sọ́dọ̀ òun títí. Bí òun bá sọ ọ́, bóyá ìrọ̀lẹ́ òní ni ìkẹyìn.

"O bi mí nígbà kan pé níbo ni ìwé tìẹ wà," ó ní. "Kò sí ìwé kankan. Bàbá ẹ ò kọ ọ́, màmá ẹ ò kọ ọ́. Orúkọ ìyá wa ni wọ́n fẹ́ sọ ẹ́, mo sì sáré rán èyí kí wọ́n tó rí àyè. Mo ń fi tìyá wa pamọ́ de ọmọ tèmi. Kì í ṣe ìfẹ́, ọmọ mi. Mo jowú màmá ẹ, mo jowú ìwọ náà, kó o tó lajú. Gba bírò ẹ. Má torí mi kọ ohunkóhun síbẹ̀."